Àgbo tí à ń fún àgbò: lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn olùkọ́ ìṣègùn ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn

Ẹ̀yin Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ̀yin dókítà ẹranko, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ náà lọ́wọ́,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ìbéèrè kan ni mo gbé wá síwájú yín, kì í sì í ṣe tèmi nìkan. Ti gbogbo àwa tí a so àgùntàn mẹ́ta, mẹ́rin, mẹ́wàá mọ́ ẹ̀yìnkùlé ni, láti Omi-Àdìó dé Lálúpọn, láti Akínyẹlé dé Ọ̀nà-Àrà. Nínú gbogbo ewé, èèpo àti egbò tí à ń sè fún àgùntàn nítorí aran, èwo ló ń ṣiṣẹ́? Báwo la ṣe ń wọ̀n ọ́n? Èwo ló lè pa ẹran kí aran tó pa á?

Ẹ̀yin ni mo kọ ọ́ sí, n ò kọ ọ́ sí ìjọba, torí pé ẹ̀yin lẹ ti dáhùn díẹ̀ nínú rẹ̀. Ní 2004, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Ìbàdàn tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí èèpo ọ̀gánwó àti aran inú àgùntàn. Ní 2005, ewé ìyeyè ló kàn. Nígbà tó fi máa di 2007, wọ́n ti dé orí ẹgbẹ́sì àti ewé aran, koríko kékeré tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Spigelia anthelmia. Wọ́n dán wọn wò lára ọmọ aran nínú ìgò, wọ́n sì tún dán wọn wò lára àgùntàn tó wà láàyè. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó jẹ́ àjèjì sí wa. Ìyeyè là ń ṣẹ́ fún ẹran nígbà tí koríko bá gbẹ. Ọ̀gánwó àti ẹgbẹ́sì, ẹ dé ọjà Bódè láàárọ̀, ẹ ó bá wọn lórí àtẹ. Inú ìwé ìjìnlẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni èsì iṣẹ́ náà wà, ẹ̀yìnkùlé wa ni àgùntàn wà, àwọn méjèèjì ò sì tíì pàdé.

Mo mọ̀ pé ẹ mọ aran jù mí lọ. Ṣùgbọ́n lẹ́tà ṣíṣí ni, àwọn mìíràn ń kà á, nítorí náà ẹ gbà mí láyè kí n sọ ọ́ bó ṣe ń bá wa fínra. Aran tó ń pa wá lẹ́ran jù kì í ṣe èyí tó tóbi. Haemonchus lorúkọ rẹ̀. Abo rẹ̀ kò ju 2 sí 3 sẹ̀ǹtímítà lọ, pupa àti funfun ló lọ́ mọ́ra wọn lára rẹ̀ bí okùn. Nínú ikùn mẹ́rin tí àgùntàn ní, ìkẹrin ló ń gbé, ẹ̀jẹ̀ ló sì ń mu. Ọ̀kan ṣoṣo lè fa nǹkan bí 0.05 mílílítà ẹ̀jẹ̀ lóòjọ́. Kò jọ nǹkan kan, àfi tí ẹ bá rántí pé 5,000 wọn lè wà nínú àgùntàn kan. Ìyẹn jẹ́ 250 mílílítà, ìdajì ìgò omi 50cl, lójoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá. Abo kan tún ń yé ẹyin tó 5,000 sí 10,000 lóòjọ́. Ẹyin á bá ìgbẹ́ bọ́ sílẹ̀. Tí òjò bá ti ń rọ̀, tí ilẹ̀ sì móoru bí ilẹ̀ Ìbàdàn ṣe máa ń rí láti oṣù kẹrin lọ, kì í sábà ju bí ọ̀sẹ̀ kan lọ tí ọmọ aran á fi ti ṣetán, tí á bá ìrì gun ewé koríko, tí á dúró de ẹnu. Àwọn àgbà ní àgùntàn tó bá bá ajá rìn á jẹ ìgbẹ́. Ní ti aran, kò dìgbà tó bá bá ajá rìn.

Ibi tó ti ń tàn wá jẹ ni pé ẹran tí Haemonchus ń mu lẹ́jẹ̀ kì í sábà ṣunú. Ìdí là ń wò. Bí ìdí bá mọ́, a ní ara ẹran le. Bẹ́ẹ̀ inú ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ ti funfun báláú, abẹ́ àgbọ̀n ti wú bí ẹni tó di omi sẹ́nu, lówùúrọ̀ ọjọ́ kan ẹran ò sì ní dìde. Àwọn dókítà ẹranko ní South Africa ṣe káàdì aláwọ̀ márùn-ún kan tí wọ́n ń pè ní FAMACHA, láti orí pupa bí ẹ̀jẹ̀ dé orí funfun. Wọ́n á ṣí ìpéǹpéjú ẹran, wọ́n á fi káàdì wé e, èyí tó ti ń funfun nìkan ni wọ́n á fún lóògùn. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yẹn púpọ̀. Kò ní kí a má lo oògùn, kò sì ní kí a da oògùn sí gbogbo agbo lọ́fun. Mo mọ̀ pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wà lórí lílò rẹ̀, torí àìsàn ojú àti eégbọn náà lè yí àwọ̀ ìpéǹpéjú padà. Ẹ kọ́ wa ní Yorùbá, a ó kọ́ ọ.

Ohun tó ń ba ọ̀rọ̀ ewé jẹ́ jù ni mo fẹ́ sọ báyìí, ó sì ń yà mí lẹ́nu pé a kì í sábà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ẹni tó rọ àgbo sí àgùntàn lẹ́nu lónìí, tó bá rí nǹkan funfun pẹlẹbẹ bí ìrẹsì nínú ìgbẹ́ rẹ̀ lọ́la, ariwo ta: oògùn ti jẹ́! Á ya fọ́tò, á gbé e sórí WhatsApp, àwọn ará á ní kó fi orúkọ ewé náà ránṣẹ́. Kí ló rí gan-an? Ègé ara aran pẹlẹbẹ ni, Moniezia. Aran yẹn máa ń já ìrù ara rẹ̀ dànù sínú ìgbẹ́ fúnra rẹ̀, ì báà ṣe pé a fún ẹran lóògùn, ì báà ṣe pé a ò fún un. Nínú àwọn aran inú àgùntàn, ó sì wà lára àwọn tí ibi wọn kéré jù. Èyí tó ń mu ẹ̀jẹ̀ kì í sábà bá ìgbẹ́ jáde kí ẹ rí i, ẹyin rẹ̀ ò sì ṣeé fojú lásán wò. Mo fura pé ìrẹsì yìí ló fún ọ̀pọ̀ àgbo ní orúkọ rere tí wọ́n ní lọ́jà. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn ewé kan tó ń bá Haemonchus jà gan-an ni a ti pa tì, torí pé ẹni tó lò wọ́n wo ìgbẹ́, kò rí nǹkan kan.

Nítorí náà, bí a kò bá ka ẹyin aran tó wà nínú ìgbẹ́, àròsọ ni gbogbo ohun tí à ń sọ. Ẹ̀yin lẹ ní ohun tí a fi ń kà á: ìgbẹ́ tútù díẹ̀, omi iyọ̀ tó ki, gíláàsì McMaster, máíkírósíkóòpù. A ka ẹyin lónìí, a fún ẹran ní oògùn, a tún un kà láàárín ọjọ́ 10 sí 14. Bí ẹyin kò bá dín tó 95%, a jẹ́ pé oògùn yẹn ti fẹ́ máa di omi lójú aran nìyẹn. Òṣùwọ̀n kan náà ni mo fẹ́ kí á gbé ewé lé. Kí á má ṣàánú rẹ̀ torí pé ó jẹ́ tiwa.

Ẹ wo ọ̀gánwó ti 2004. Wọ́n fi ethanol, ìyẹn ọtí líle, fa oje inú èèpo rẹ̀, wọ́n fún àgùntàn ní 500 mílígíráàmù fún kílò kan ara rẹ̀, ẹyin inú ìgbẹ́ sì dín ju 80% lọ. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n kò dé 95%. Ó lè dín ẹyin tó ń bọ́ sórí pápá kù, ó lè ran ẹran tó ṣì lágbára lọ́wọ́. Èyí tí ìpéǹpéjú rẹ̀ ti funfun, èmi ò ní gbé èèpo igi dúró tì í o.

Ẹ tún wo ìwọ̀n yẹn. Ká ní àgùntàn wa wúwo tó 20 kílò. 500 mílígíráàmù lọ́nà 20, gíráàmù 10 nìyẹn. Ẹlòmíràn á sáré sọ pé èèpo gíráàmù 10, ṣé ìyẹn le ni? Kì í ṣe èèpo ni wọ́n wọ̀n. Ohun gbígbẹ tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ethanol fa èèpo tán, tí ethanol náà sì ti gbẹ, ni wọ́n wọ̀n. Bó bá jẹ́ pé ìdá kan nínú mẹ́wàá èèpo ló ń di ohun gbígbẹ yẹn, gíráàmù 100 èèpo ni ẹran kan ṣoṣo á gbà. Àwa ńkọ́? Omi la fi ń sè é, ìkòkò là ń lò, ìgò ọtí tó ti ṣófo la fi ń wọ̀n ọ́n, ẹlòmíràn á sì sọ kán-ún sí i nítorí pé ìyá rẹ̀ máa ń sọ ọ́ sí i. Nínú iṣẹ́ 2004 yẹn kan náà, èyí tí wọ́n fi omi fà kò lágbára tó ti ethanol. Kí wá ni à ń rọ sí ẹran lẹ́nu? Ó lè jẹ́ pé ó kéré jù. Ó lè jẹ́ pé ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ ti bá ooru lọ.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún gan-an nìyí: ẹ dán ìkòkò wò. Kì í ṣe ethanol, kì í ṣe ẹ̀rọ yàrá ìwádìí. Àgbo bí a ṣe ń sè é ní Olúyọ̀lé ni kí ẹ dán wò, pẹ̀lú agolo mílíìkì gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n. Èèpo agolo mélòó, omi agolo mélòó, iná fún ìgbà mélòó, kí ẹran mu mélòó. Ẹ dán gbígbó wò, ẹ dán rírẹ wò, ẹ dán lílọ̀ wò. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ẹyin.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ iná àti omi yìí jẹ́ ọ̀rọ̀ ìdáná lásán. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, obìnrin onímọ̀ kan ní Ṣáínà, Tu Youyou, ń wá oògùn ibà nínú ewé kan. Èsì tó ń rí kò dúró lójú kan. Ó padà sínú ìwé ìṣègùn àtijọ́ tó ti lé ní 1,600 ọdún, ó rí i pé wọ́n ní kí a rẹ ewé náà sínú omi, kí a fún oje rẹ̀ mu. Wọn ò ní kí a sè é. Ó dín ooru kù, ó fi ether, omi kan tó tètè máa ń hó, fà á, bí artemisinin ṣe jáde nìyẹn, èyí tó wà nínú oògùn ibà tí gbogbo wa ń rà lónìí. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015. William Campbell àti Satoshi Ōmura ló bá a pín in, torí pé iṣẹ́ tiwọn ló bí ivermectin, èyí tí ẹ̀yin dókítà ń gún fún àgùntàn wa nítorí aran. Ewé àti oògùn aran jọ pín ẹ̀bùn kan. Ẹni tó bá tún ní àgbo àti yàrá ìwádìí ò lè jókòó pọ̀, ẹ bá mi fi èyí hàn án.

Ní ti ewu, ẹ dákun, ẹ sọ̀rọ̀ sókè. Ewé aran ń lé aran lóòótọ́, ṣùgbọ́n májèlé wà nínú rẹ̀, àpọ̀jù rẹ̀ ń pa ẹran. Kóró ìbẹ́pẹ, tí gbogbo ayé ń sá, tí wọ́n ń lọ̀, ti dín àtọ̀ eku àti ọ̀bọ kù ní yàrá ìwádìí. Èmi ò ní máa fi fún àgbò tí mo fẹ́ kó gun abo. Ewúro ńkọ́? Dóńgóyárò ńkọ́, tí à ń pò mọ́ gbogbo nǹkan? Aboyún àgùntàn ńkọ́? Albendazole gan-an, oògùn aran inú páálí, a ti gbọ́ pé kí a má fún abo tó wà nínú oṣù kìíní oyún, torí ó lè ba ọmọ inú jẹ́. Ta ló máa sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún wa nípa ewé? Ẹni tó ń tà á ní Bódè ò lè mọ̀ ọ́n láìsí ẹni tó dán an wò. Ẹ má sì gbàgbé ọ̀nà ọ̀fun. Bí a bá gbé orí àgùntàn sókè jù, tí a da ìgò dé e lẹ́nu gbuu, inú ẹ̀dọ̀fóró ni àgbo náà ń gbà lọ. Lọ́jọ́ kẹta, ẹran kú, a ní aran ló pa á.

Bí mo ṣe ń sọ nípa ewé yìí, n ò sí lára àwọn tó ń sọ pé májèlé òyìnbó ni gbogbo oògùn inú páálí. Oògùn yẹn ló ń gba ẹ̀mí ẹran là lálẹ́ tí nǹkan bá burú. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni ọwọ́ wa. À ń dá albendazole sí méjì kí owó lè tó. À ń fojú díwọ̀n kílò. À ń fún gbogbo agbo ní oògùn kan náà lóṣooṣù. Aran tí oògùn ò pa a máa yé ẹyin tí oògùn ò ní pa, bó ṣe ń rí jákèjádò ayé nìyẹn. Bí ewé tó dájú bá wà tí a lè fi lé oògùn sẹ́yìn díẹ̀, oògùn á pẹ́ lọ́wọ́ wa.

Ó tún ṣeé ṣe kó jẹ́ pé inú ìjẹ ni iṣẹ́ ewé dára sí ju inú ìgò lọ. Ní àwọn ọdún 1980, níbí ní Ìbàdàn, ILCA, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí lórí ẹran ọ̀sìn ní Áfíríkà, ń kọ́ àgbẹ̀ láti gbin leucaena àti àgúnmánìyè sáàárín oko, kí wọ́n máa gé e fún àgùntàn àti ewúrẹ́. Oúnjẹ ni wọ́n pè é nígbà náà. Lónìí, àwọn onímọ̀ ń sọ pé tannin, èròjà tó ń mú kí ewé máa kan lẹ́nu, tó wà nínú irú ewé bíi leucaena lè ni aran lára, àti pé ẹran tó rí purotéènì jẹ dáadáa máa ń fara da aran ju èyí tí ebi ń pa lọ. Leucaena náà ní tirẹ̀ o: àpọ̀jù rẹ̀ ń mú irun ẹran re. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, ewé tí ẹran ń fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ, tí kò sí pé à ń di í lọ́rùn mú, kò ha yẹ kí ó jẹ́ ibi tí a ti máa bẹ̀rẹ̀ bí?

Ọ̀rọ̀ mi kan ṣì kù nípa àwọn ìyá ẹlẹ́wé ọmọ. Bí ẹ bá máa ṣe iṣẹ́ ìkòkò yìí, ẹ lọ bá wọn ní Bódè àti Òjé. Ẹ má lọ bí ẹni tó fẹ́ kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n mọ oṣù tí èèpo máa ń korò jù, wọ́n mọ ọ̀gánwó àtọwọ́dá tí àwọn kan ń fi igi mìíràn ṣe, wọ́n mọ ohun tí a kì í pò pọ̀. Ẹ san owó àkókò wọn, ẹ kọ orúkọ wọn síbi tí orúkọ yín bá wà. Bí èrè bá sì jáde lọ́jọ́ iwájú, Àdéhùn àgbáyé ti Nagoya ti 2010 ti sọ pé ẹni tó ni ìmọ̀ náà ní ìpín tirẹ̀.

Ìgbẹ́ kíkà náà, ẹ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún un lóṣù, fún àwa kékeré. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín á rí iṣẹ́ ọwọ́ kọ́ níbẹ̀, àwa á sì mọ ibi tí a dúró sí. Ẹ má sì ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ o. Oògùn tí a ò fowó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní ń gbé. Ẹ bu owó kékeré lé wa, a ó mú un ní ọ̀kúnkúndùn. Bí èsì bá jáde, ẹ gbé e lọ sórí rédíò ní Yorùbá, kí ẹ sì ka orúkọ èyí tí kò ṣiṣẹ́ bí ẹ ṣe ń ka orúkọ èyí tó ṣiṣẹ́. Ewé tó kùnà ló ń ná wa lówó jù, torí kò sẹ́ni tó ń sọ fún wa pé ó kùnà.

Ẹ jẹ́ kó ṣáájú Iléyá, bó bá ṣeé ṣe. Láàárín ọdún mélòó kan yìí, oṣù karùn-ún àti ìkẹfà ni ọdún ń bọ́ sí, àsìkò òjò tí ọmọ aran ti kún orí koríko. Ìgbà yẹn là ń da oògùn bo àgbò kí ó lè sanra, ọ̀pọ̀ wa kì í sì í ka ọjọ́ tí wọ́n kọ sára páálí pé kí a dúró kí a tó pa ẹran jẹ. Ti àgbo kò tilẹ̀ ní páálí. Ọjọ́ mélòó ni kí a fi sílẹ̀ lẹ́yìn ewé aran kí ọmọdé tó jẹ ẹran náà? Ẹ fi ìyẹn náà kún ohun tí ẹ máa dán wò.

Tèmi ti wà ní sẹpẹ́. Abo méjì kan ń bẹ nínú agbo mi tí mi ò tíì fún ní ohunkóhun láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Mo fi ilà pupa sí wọn lọ́rùn kí ọmọ ilé má baà ṣèèṣì rọ àgbo sí wọn lẹ́nu. Ìgbẹ́ wọn á dé ọ̀dọ̀ yín ní tútù, nínú ọ̀rá mímọ́, pẹ̀lú àkọlé. Aládùúgbò mi kan tó ń fún tirẹ̀ ní ọ̀gánwó ti gbà láti mú ti tirẹ̀ wá pẹ̀lú, kí á fi wéra. Ẹ kàn sọ ọjọ́ fún wa, kí ẹ sì sọ ẹnu ọ̀nà tí a máa gbà wọlé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùsìn àgùntàn kan ní Omi-Àdìó, Ìbàdàn.